Ta Ló Gbé Ọ̀sà Lọ sí Apá Òsì?

Ní oṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ṣílé ní Bódìjà, ó sì ní kí n wá jẹun. Èmi àti àbúrò ìyá mi obìnrin tí ó ti lé ní 90 ọdún la jọ lọ. Pálọ̀ náà dára. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri: Marina ní Èkó láyé òyìnbó, igi ńláńlá, omi, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì, àwọn ènìyàn díẹ̀ nínú aṣọ funfun. Wọ́n ti fi àwọ̀ ilẹ̀ pa á kí ó lè gbó lójú. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀ kò ju "Old Lagos" lọ.

Àǹtí mi wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ta ló gbé ọ̀sà lọ sí apá òsì? Ṣé ilé gómìnà kọ́ ló wà ní ọ̀ọ́kán yẹn ni? Tí èèyàn bá ń ti Apọ́ngbọ̀n bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún lomi máa ń wà."

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí pátákó kékeré kan lára ilé ìtajà, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló kọ ẹ̀yìn síra. Ẹni tó tẹ àwòrán náà ti yí i po, bí ojú ẹni ṣe máa ń rí nínú dígí. Gbogbo àwa tí a kàwé nínú pálọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó rí i.

Mi ò bá wa wí jù. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba kó iyanrìn dí etí ọ̀sà níbẹ̀, wọ́n sì la títì ńlá sí i. Ẹni tí kò bá mọ Èkó ṣáájú ìgbà yẹn kò lè mọ ibi tí omi ń gbá dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: a kì í wo àwọn àwòrán wọ̀nyí. Ṣe la kàn ń fi wọ́n kún ògiri bíi kọ́tìnì. Hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì lọ́yà, ibi gbogbo ni wọ́n wà báyìí.

Àlébù àkọ́kọ́ tí mo rí nínú àṣà yìí ni pé ó ń ṣe ayé ìjọba òyìnbó bí ẹni pé títì tó mọ́ tónítóní nìkan ni. Ní 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivor Cummings, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, dé Bristol Hotel ní Èkó. Wọn kò fún un ní yàrá nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Inú bí ará ìlú gidigidi. Ẹni tó bá fi àwòrán títì ìgbà náà ṣe ẹ̀ṣọ́, ó yẹ kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà létí títì yẹn tí wọn kò ní ṣí fún òun.

Èkejì, tí ó kàn mí jù nítorí iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ni orúkọ. Àwọn ará Èkó kò dákẹ́ níwájú àwọn ohun tí òyìnbó ṣe. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Apọ́ngbọ̀n ni wọ́n pe William McCoskry, tó ṣe gómìnà fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, torí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Òyìnbó lọ, orúkọ náà dúró ti àdúgbò. Marina fúnra rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, Ehingbeti, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti wá fi sọ àpérò ètò ọrọ̀-ajé rẹ̀. "Old Lagos" wá gbé gbogbo ìyẹn mì.

Mi ò ní kí ẹ já àwòrán yín sílẹ̀ o. Wọ́n ṣe pàtàkì. Ilé Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, tí àwọn Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí, inú àwòrán ni yóò ti rí i. Bí a bá wá yí àwòrán yẹn po ńkọ́, ta ni yóò mọ̀?

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ tó kan ìṣó, ẹ wá àgbàlagbà kan kó wo àwòrán náà. Ẹ béèrè orúkọ àdúgbò, ilé ta nìyí, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn férémù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti dá àwòrán tirẹ̀ padà lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé tó kọjá ó gbé èyí tó tọ́ wá sílé mi, pẹ̀lú bírò. Àǹtí ń sọ, ó ń kọ. Nígbà tí Àǹtí fi máa sinmi, ó ti dárúkọ ilé mẹ́fà. Ó kù méjì tí kò rántí.