Ìdámẹ́ta àti Ìdá Mẹ́ta: Àyẹ̀wò Ìlò Ọ̀rọ̀ Ìperí Kan nínú Ìṣírò

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyíinì ni ìdá, tí a ń lò nínú ìṣírò fún iye tí kò pé odindi. Àwọn onímọ̀ ti ṣe àlàyé púpọ̀ lórí òǹkà Yorùbá, pàápàá lórí bí a ṣe ń fi ogún kà tí a sì ń yọ iye kúrò. Ní ojú tiwa, ìdá kò tíì rí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- àti ọ̀rọ̀-ìṣe dá ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, dá kan náà tí ó wà nínú ‘dá igi’ àti ‘dá nǹkan sí méjì’. Nínú ìdajì, ìdámẹ́rin, àti ìdámẹ́wàá tí gbogbo ọmọ ìjọ mọ̀, òǹkà tí ó tẹ̀ lé ìdá ń sọ iye ọ̀nà tí a dá odindi sí. Ṣùgbọ́n nínú ‘ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin’, òǹkà tí ó tẹ̀ lé e ń sọ iye tí a mú. Nítorí náà, ìdámẹ́ta jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́ta, ìdá mẹ́ta sì jẹ́ ẹyọ mẹ́ta nínú ohun tí a kò tíì mọ iye rẹ̀. Létí, ọ̀kan náà ni méjèèjì; àlàfo orí ìwé nìkan ni ó yà wọ́n, àwọn òǹkọ̀wé kì í sì í sábà bìkítà fún un. Bí oníròyìn bá sọ lórí rédíò pé ‘ìdá ogún owó náà ti wọlé’, tí ó gbàgbé ‘nínú ọgọ́rùn-ún’, ìdámárùn-ún ni ó ní lọ́kàn. Olùgbọ́ tí ìdámẹ́wàá ti mọ́ lára yóò gbọ́ ọ̀kan nínú ogún. Ìlọ́po mẹ́rin ni owó kìn-ín-ní jẹ́ sí èkejì.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú máa lo ìpín. A kò fara mọ́ ọn. Ìpín ń sọ ohun tí ó kan ẹnì kan. Kò sọ bí ó ti tó. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ogún pínpín. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ọ̀kan bí ọmọ kan, èkejì bí márùn-ún. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo yẹn gba ìdajì, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn márùn-ún sì gba ìdámẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdámẹ́fà ni ó kan kálukú. Ìpín ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Àléébù kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe dá gbọ́dọ̀ ní àbọ̀ (àbọ̀ ti gírámà ni o, kì í ṣe ti ‘náírà méjì àbọ̀’): a kò lè ní ‘dá sí mẹ́ta’ láìsọ ohun tí a dá. Nígbà tí dá bá di ìdá, àbọ̀ yìí lè sọnù, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Ìbò ààrẹ ọdún 1979 fi èyí hàn. Òfin ní kí ẹni tí yóò wọlé ní ìdámẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shehu Shagari ní ìdámẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kánò, ohun tí ó ní kò tó ìdámẹ́rin, ṣùgbọ́n ó ju ìdámẹ́fà lọ. Kí wá ni a óò dá sí mẹ́ta? Ṣé ìpínlẹ̀ ni, tí kò ṣeé dá, tí iye náà yóò fi di 13, àbí ìbò Kánò? Bí ó bá jẹ́ ìbò, ìdámẹ́rin ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ìdámẹ́fà, Shagari sì ti yege. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1979, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shagari láre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin náà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdá túmọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń lò ó lónìí, àbọ̀ náà yóò ṣì fara pamọ́.

Ní èrò tiwa, kí a máa kọ ìdámẹ́ta pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ kan, kí a sì máa kà á bí a ti ń ka aṣọ tàbí ilé: ìdámẹ́ta kan, ìdámẹ́ta méjì. Kí ohun tí a dá sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ìdámẹ́ta méjì ìbò Kánò. Yóò kọ́kọ́ ṣàjèjì létí díẹ̀. Ibi tí ó ti le ni ogún, ọgbọ̀n, ọgọ́rùn-ún àti irú wọn tí kì í gba m-. Níbẹ̀, a ó fi àmì ìsopọ̀ sí i, ìdá-ogún, ṣùgbọ́n àmì ìsopọ̀ kò ṣeé gbọ́ lórí rédíò, nítorí náà ‘ọ̀kan nínú ogún’ ni kí oníròyìn máa sọ.