Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Orin Kíkọ ní Amẹ́ríkà àti Ọ̀ràn Ohùn Tí Ó Dára

Ní ọdún 1944 ni a dá National Association of Teachers of Singing sílẹ̀ ní ìlú Cincinnati. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní New York láti 1906. American Academy of Teachers of Singing sì tẹ̀ lé e ní 1922. Ìṣòro kan náà ni ó kó gbogbo wọn jọ: kò sí ìwé-àṣẹ tí ẹnikẹ́ni ní láti gbà kí ó tó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ orin. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè ba ohùn ọmọlọ́mọ jẹ́, kí ó sì gba owó lé e.

Ète tí ẹgbẹ́ náà gbé ka iwájú ni ìkọ́ni tí ó yè kooro àti ìwádìí. Ní ti ìwádìí, wọ́n gbìyànjú. Lóòótọ́, Manuel Garcia ti fi dígí kékeré wo tán-án-ná ara rẹ̀ láti 1854, síbẹ̀ àfiwé lásán ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni. William Vennard, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ náà, wà lára àwọn tí ó mú kí àlàyé nípa ẹ̀yà ara ìfọ̀ di ara ẹ̀kọ́ orin.

Ibi tí èrò wọn ti mẹ́hẹ ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohùn tí ó dára. Ohùn ọ́pẹ́rà ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, bí ẹni pé àbùdá ọ̀fun ènìyàn ni, tí kì í ṣe àṣà àwùjọ kan. Ojú ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń wo olórin jásì àti ti Broadway. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn ìjálá àti ohùn ẹ̀sà kò ní pẹ́ rí àléébù yìí: a kì í fi ọ̀kan dá èkejì lẹ́jọ́. Ní 2008, ọdún 86 lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀, ni Academy tí a dárúkọ lókè tó kéde pé irú orin bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀nà ìkọ́ni tirẹ̀.

Ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbé orúkọ ẹgbẹ́ ti Cincinnati yọ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọrin, adájọ́ a sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ lórí èémí, ohùn àti ìpè ọ̀rọ̀. Olùkọ́, ẹni tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a máa jókòó láàárín àwọn òǹwòran; kò sí adájọ́ tí ó ń kọ ohunkóhun nípa tirẹ̀.