Ìràwọ̀ Tó Kú Tí A Pè Ní Tuntun

Ìwé àfọwọ́kọ kan wà lórí tábìlì mi fún oṣù méjì gbáko. Ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, wọ́n sì ní kí n yẹ èdè Yorùbá inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ojú ìwé kan ni mo ti pàdé "ìràwọ̀ tuntun àgbà". Ohun tí Òyìnbó ń pè ní supernova ni atúmọ̀ náà ní lọ́kàn, ìyẹn ìràwọ̀ tó bú gbàmù, tí ìmọ́lẹ̀ òun nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ tó wà ní agbo kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá fi ojú ọ̀rọ̀ nìkan wò ó, atúmọ̀ náà kò ṣìnà. Tuntun ni nova nínú èdè Látìn. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó ń kú ni à ń pè ní tuntun yìí. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ eléyìí?

Èyí ló mú mi padà sídìí ìwé tí orúkọ náà ti gbilẹ̀, De nova stella, tí Tycho Brahe, ará Denmark, gbé jáde ní ọdún 1573. Apá tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, ó sì dùn mọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1572, Tycho gbójú sókè, ó rí ìràwọ̀ kan níbi tí kò ti sí ìràwọ̀ rí. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó pe àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ó pe àwọn èrò ọ̀nà, ó ní kí wọ́n bá òun wò ó bóyá àwọn náà rí i. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló lè bi ẹni tó ń kọjá lọ ní títì ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kò sí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn nígbà náà. Ojú lásán àti irinṣẹ́ ìwọ̀n ni Tycho lò. Ó wọn àlàfo tó wà láàárín ìràwọ̀ yìí àti àwọn tó yí i ká nígbà tó wà lókè téńté, ó sì tún un wọ̀n nígbà tó rẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tó sún mọ́ wa bí òṣùpá ni, àlàfo náà ìbá yí padà. Kò yí. A jẹ́ pé ó jìnnà ju òṣùpá lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, ṣùgbọ́n ó wó ilé ńlá: láti ayé Aristotle ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti ń kọ́ni pé ohunkóhun kì í yí padà lókè òṣùpá.

Ibi tí ìwé náà ti rẹ̀wẹ̀sì ni ibi tí Tycho ti pa ojú rẹ̀ tì. Nígbà tí ìràwọ̀ náà kúrò ní funfun, tó ń pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń relẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àsọtẹ́lẹ̀ ogun àti ikú àwọn ọmọ ọba. Ikú wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ọmọ ọba. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún èmi tí mo ń kàwé lẹ́yìn nǹkan bí 450 ọdún láti sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù yẹn kan náà tó ta padà lára eruku ojú sánmọ̀, bí ohùn ti í ta padà lára òkè, wọ́n sì fi mọ irú ìràwọ̀ tó jẹ́: arúgbó ìràwọ̀ tó ti jó epo inú rẹ̀ tán kó tó bú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ìmọ́lẹ̀ náà sì ti fi rìn kó tó kan ojú Tycho.

Àwọn àgbà wa ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. "Wọ́n ṣebí" yẹn ni mo wá nínú ìwé Tycho tí n kò rí. Mo rí ohun tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Ní ọdún 1054, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún ọba wọn rí irú ìràwọ̀ yìí. Ọjọ́ 23 ni wọ́n fi rí i ní ọ̀sán gangan. Ìràwọ̀ àlejò ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó pe ènìyàn ní àlejò kò sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni. Ó ní ó dé, ó sì mọ̀ pé yóò lọ.

Ẹ̀bi Tycho kò tó ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1934, Walter Baade àti Fritz Zwicky, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní California, dábàá pé ìràwọ̀ tó bú báyìí ń fi òkú kékeré kan sílẹ̀, tó ki pọ̀ púpọ̀púpọ̀, tó jẹ́ neutron ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àbá tó gbóyà ni, nítorí ọdún méjì péré ni wọ́n ti ṣàwárí neutron. Ní ọdún 1968, wọ́n rí irú òkú bẹ́ẹ̀ láàárín àwókù àlejò ọdún 1054. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìparí ìràwọ̀ ni àwọn ń sọ, síbẹ̀ super-nova ni wọ́n kọ sí àkọlé iṣẹ́ wọn.

Ẹnìkan lè gbè wọ́n lẹ́yìn pé inú irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irin inú ọkọ́ àti àdá wa ti wá, pé ikú ìràwọ̀ ló bí ohun tuntun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin ló jẹ́ tuntun nígbà náà, kì í ṣe ìràwọ̀.

Mo fa igi lé "ìràwọ̀ tuntun àgbà", mo sì kọ "ìràwọ̀ abúgbàmù" sí etí ìwé náà. Atúmọ̀ náà ti kọ̀wé sí mi. Ó ní supernova ni àwọn ọmọ yóò bá pàdé nínú ìdánwò, kí ni wọn yóò fi mọ̀ pé ọ̀kan náà ni? Ìbéèrè rẹ̀ lágbára. Mo ní kí ó fi orúkọ Òyìnbó náà sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, kí ó má sì túmọ̀ rẹ̀.