Onimode, Marx àti kòkó ilé wa

A tún gbé ìwé Bade Onimode sílẹ̀, "Imperialism and Underdevelopment in Nigeria", tó jáde ní 1982. Ìwé tó fi ojú Karl Marx wo òṣì Nàìjíríà ni: òwò ẹrú, ìjọba òyìnbó, iléeṣẹ́ àjèjì, okùn kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Èdè rẹ̀ le bí òkúta, ẹ ṣáà fara dà á.

Ibi tí a ti fẹ́ bá a jiyàn ni ọ̀rọ̀ ọ̀dá owó. Ó dà bíi pé òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ yóò para pọ̀, torí ohun kan náà ló ń jẹ wọ́n níyà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí ní Kàbà àti Ìjùmú?

Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé. Wọ́n tú àwọn board tó ń ra kòkó ká, náírà já wálẹ̀, owó oṣù tíṣà di omi. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń ta kòkó lókè òkun, nítorí náà iye rẹ̀ ní náírà fò sókè. Àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó tó rí i pé oògùn kòkó náà ti wọ́n. Ní 2024 ńkọ́? Tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, tó ṣòro kó ra àpò ìrẹsì kan. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sí títì nítorí ebi. Ẹni tó ni oko kòkó àti alágbàṣe tó ń ká a fún un, ṣé inú kan náà ni wọ́n fi gbọ́ ìròyìn yẹn? A ò rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a wá nínú ìwé náà tí kò tó wa ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Nílẹ̀ Okun, tíṣà tí owó rẹ̀ ò tó jẹun ní Lọ́kọ́ja lè jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Bàbá á fi gàrí àti iṣu ránṣẹ́. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ebi pa á, ìyẹn náà ni ò jẹ́ kó bọ́ sí títì. (A ò ní kí bàbá má fi iṣu ránṣẹ́ mọ́ o!) Ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣirò Marx wò ó: owó oṣù lè wà ní kékeré báyẹn torí pé oko bàbá ló ń dí ihò tó kù. Bàbá ń bá ọ̀gá ọmọ rẹ̀ san owó oṣù, kò sì sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.