Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Kí Là Ń Fi Han Àlejò Láàárín Èkó?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti kékeré ni mo ti rò pé àlejò ni òwe yìí ń bá wí. Ọjọ́ tí mo mú àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, rìn káàkiri Lagos Island ni mo tó mọ̀ pé ó kan onílé náà. Bí onílé ò bá sọ̀rọ̀, kí ni àlejò fẹ́ rí?

Ará Mainland ni mí. Àwa tá à ń gbé Mushin àti Agége, tá a bá ní "mò ń lọ Èkó", Island là ń sọ. Àbúrò mi ti kọ orúkọ àwọn ibi tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń dé sínú fóònù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 la wọ̀ láti Mile 2 dé Marina. Nígbà tí ọkọ̀ gun orí ọ̀sà, tó rí omi lọ́tùn-ún lósì, ó dìde dúró. Ẹnu ò gbà á. Ṣùgbọ́n a sọ̀ kalẹ̀ tán, a já sí títì, ló bá bi mí pé, "Bọ̀dá mi, omi náà dà?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èkó tí oríkì rẹ̀ kún fún omi, títì àti afárá ló dí ojú omi ọ̀hún. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá dúró ní Marina, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ló dúró sí. Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ti fi iyanrìn lé omi sẹ́yìn kí mọ́tò lè rọ́nà gbà. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká fi han àlejò nìyẹn, òun gan-an la sì fi pamọ́.

A wọ Cathedral Church of Christ. Ohun tí wọ́n kọ sínú fóònù rẹ̀ ni pé ilé náà ga, ó sì rẹwà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n egungun Àjàyí Crowther wà níbẹ̀, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù, tó sì kó ipa ńlá nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá tá à ń kọ yìí. Lójú tèmi, gíga ilé kọ́ ni ìran ibẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey náà rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Sàró ni Mohammed Shitta tó dá a sílẹ̀; Àgùdà, João Baptista da Costa, ló yàwòrán rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o: ọmọ àwọn tó ti Sàró dé àti ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì dé pàdé lórí ilé kan ṣoṣo. Tí ẹ ò bá sọ ìyẹn, ògiri lásán lẹ fi hàn án.

Ibi tó wú àbúrò mi lórí jù ni Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, láti 1882. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán-ilé Theo Lawson. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn rí ni wọ́n sọ di orí ìtàgé. Mo mọ àwọn àgbà tí ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá: ṣé ibi tí wọ́n ti pa ọmọ aráyé ló yẹ ká ti máa mu bíà? Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èèyàn lè jẹun, kó jó, kó sì lọ sílé láìmọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lòún jókòó sí. Síbẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ wà láàyè nítorí pé ará Èkó fúnra wọn ń lò ó: eré orí ìtàgé wà níbẹ̀, orin wà, ọ̀rẹ́ ń pàdé ọ̀rẹ́. Kì í ṣe àlejò nìkan ni wọ́n ń tún un ṣe dè.

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀. Ní Tinúbú Square, mo na ọwọ́ sí ibi tí Ilojo Bar wà. Ilé àwọn Fernandez, ará Àgùdà, ni, ọdún 1855 ni wọ́n máa ń dárúkọ fún kíkọ́ rẹ̀. Ọdún 1956 ni ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ Sunday, 11 September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún lórúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba, ìwé ọ̀hún ò sì gbà á.

Ó rọrùn láti bínú sí ẹni tó wó ilé. Inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: tí ìjọba bá ti fi orúkọ sára ilé, ta ni yóò máa pààrọ̀ páànù tó jò? Ta ni yóò kun ún lọ́dà? Àlejò ya fọ́tò, ó ti lọ. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé. Ilé àtijọ́ tí kò bá mú nǹkan kan wá fún àwọn tó ni ín, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lówó lórí jù ú lọ ní Èkó, ẹ̀yin náà mọ̀.

Nítorí náà, mi ò tún fẹ́ ìwé mìíràn tó ń to orúkọ ibi mẹ́wàá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí nínú owó tí àlejò ń san dé ọwọ́ àwọn onílé tó kù ní Pópó Àgùdà, kí àwọn ọmọ àdúgbò sì kọ́ ìtàn ilé wọn, kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ jẹun. Water House ṣì wà ní Kakawa, ilé ìdílé da Rocha, tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará Èkó nígbà kan. Ibẹ̀ la parí ìrìn wa sí. Àbúrò mi wo ojúlé náà títí. "Bọ̀dá mi, ṣé èyí náà ò ní lọ?"

Mo ní ká máa lọ, ọkọ̀ ti ń dúró dè wá.