Ilé-Ìṣọ́ Iná Harlem: Ta Ló Gbà Á Là?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí mo kọ́ nígbà kan, ẹ ó rántí pé mo máa ń sọ ní kíláàsì pé bí òfin bá ti dáàbò bo ilé àtijọ́, kí ọkàn wa balẹ̀. Lónìí, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ilé-ìṣọ́ kan ní New York ló fà á.

Orí òkè olókùúta tó wà nínú Marcus Garvey Park, ní Harlem, ló dúró sí. Julius Kroehl ló kọ́ ọ láàárín 1855 sí 1857: òpó irin lórí òpó irin, àtẹ̀gùn tó lọ́ yípo láàárín, àti agogo ńlá kan. Olùṣọ́ á wà lókè, á máa wo ibi tí èéfín ti ń rú. Tó bá ti rí i, á lu agogo. Iye ìgbà tó bá lù ú làwọn panápaná fi ń mọ àdúgbò tí iná wà. Mọ́kànlá ni irú rẹ̀ nílùú náà nígbà náà. Ẹyọ kan yìí ló ṣẹ́kù.

Kí ló dé? Kì í ṣe pé irin tirẹ̀ le ju ti ìyókù lọ. Nígbà tí wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn iná, iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1878. Àwọn ará àdúgbò ló bẹ̀bẹ̀ pé kí agogo náà ṣì máa dún, káwọn lè máa fi mọ àkókò. Ní 1967, òfin kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Ó dáa o. Àmọ́ ìpẹtà ò mọ òfin! Ó ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Àwọn ará àdúgbò náà ló tún ń pariwo pé kí wọ́n tún un ṣe. 2019 ló padà dúró fún aráyé.

Mo yin àwọn tó tún un ṣe. Iṣẹ́ wọn mọ́. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé wọ́n sọ ọ́ di ohun àwòyanu lásán. Agogo ló kọ́kọ́ gbà á là, ṣebí? Tó bá jẹ́ tèmi, ojoojúmọ́, lọ́sàn-án gangan, ni wọn ìbá máa lù ú, kí ọmọ tó ń ṣeré nísàlẹ̀ lè bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí nìyẹn?" Ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ lónìí ló máa pariwo nígbà tí ìpẹtà bá tún dé.

Kí lẹ rí sí i?