Ìròyìn Tí A Fi Ráàpù Kọ: Ohun Tí A Rí Nínú Journal Rappé

Púpọ̀ nínú àwọn òbí tí ọmọ wọn ń bá wa ka kéwú ní Ìta-Ògbólú yìí ni ó gbà pé kò sí ohun rere kan tí ó lè ti inú ráàpù jáde. A kò dá wọn lẹ́bi. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ ń gbọ́ lórí fóònù kò ju owó, ọtí àti obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ iṣẹ́ àwọn ọkùnrin méjì kan wò, ará Sẹ̀nẹ̀gà, ilẹ̀ tí àwa Mùsùlùmí ti pọ̀ ju ẹlẹ́sìn yòókù lọ.

Xuman ni orúkọ ìnagijẹ ọ̀kan, Keyti ni ti èkejì. Wọ́n ti ń kọ ráàpù tipẹ́ ní Dakar kí wọ́n tó dá ètò Journal Rappé sílẹ̀ ní 2013. Wọ́n á múra bí àwọn tí ń ka ìròyìn ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á jókòó ti tábìlì, ojú wọn á le koko, ṣùgbọ́n ráàpù ni wọn yóò fi ka ìròyìn náà láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú wọn, ìyà ará ìlú àti ìròyìn àwọn ilẹ̀ Áfíríkà míràn ni wọ́n ń gbé jáde, lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí YouTube.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìpìlẹ̀. Ní 2011, àwọn akọrin ráàpù àti àwọn oníròyìn kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Y'en a Marre sílẹ̀, wọ́n ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní 2012, Macky Sall borí Ààrẹ Abdoulaye Wade. Ohun tí ó wú wa lórí ni pé kò pé ọdún méjì tí ìjọba tuntun dé tí ètò yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun náà léèrè ọ̀rọ̀. Níhìn-ín, tí ẹni tí akọrin bá fẹ́ bá ti wọlé, orin ìyìn ló kù.

Xuman ló ń fi Faransé ka tirẹ̀. Bí ó bá parí, Keyti á gbà á, á fi Wolof kà á. Kì í ṣe pé ó ń túmọ̀ ohun tí èkejì rẹ̀ sọ. Ọ̀ràn kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ará ilé ṣe ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ ni Keyti ṣe ń sọ ọ́. Lójú tiwa, ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn jù. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò wa mọ ohun tí a ń wí: Òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ìyókù ni wọ́n wá fi Yorùbá bò lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àlejò ni irú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa o. Olóògbé Láńrewájú Adépọ̀jù, tí ó kú ní 2023, Mùsùlùmí ni, ewì rẹ̀ kò sì bojú wo aláṣẹ. Àwọn tí ń ka kókó inú ìwé ìròyìn lórí rédíò láàárọ̀ náà ń fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ sí i.

Àbùkù ibẹ̀ ńkọ́? Orin fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bára mu, ẹ̀rín sì fẹ́ àsọdùn. Súrátù Hujuraati pàṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn, ó sì kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba akéwì láàyè: Hassan ọmọ Thábit ló ń fi ewì dá àwọn Kùráẹ́ṣì lóhùn. Ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ó má kánjú, kí ó kọ́kọ́ lọ bá Abúbákárì, ẹni tí ó mọ ìtàn ìdílé wọn jù, kí ọfà rẹ̀ má baà ba ẹni tí kò yẹ. Ohun tí a fi ń wọn Journal Rappé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá kó ọ̀ràn márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ nínú ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn níbòmíràn á rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí ó ń rín. Ìgbà tí wọ́n bá di ọ̀ràn kan ṣoṣo mú ni iṣẹ́ wọn ń yanjú.

Ní Ùgáńdà, NewzBeat ti ṣe irú rẹ̀ ní èdè Luganda àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ kíláàsì wa tí ó dàgbà ti wá tọrọ àyè pé àwọn náà fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ wòlímọ̀, ní èdè Àkúrẹ́, lórí ọ̀wọ́n gaàrí. A ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí ń yan gaàrí, àwọn tí ń tà á àti awakọ̀ tí ń kó o sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó wá orin. Ìlù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé.